Fẹlá Aníkúlápó àti Ilé Àlùfáà

Ọ̀rọ̀ tí ó wà li ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn li agbègbè wa yìí, láti Ìbafò dé Mowé àti títí dé Ifọ̀, ni pé Fẹlá Aníkúlápó Kútì kọ ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn àgbà ìjọ a máa sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ onínàákúnàá tí kò padà wálé; àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni ń ròyìn ẹyẹ tí ó já okùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun kan náà li àwọn méjèèjì gbàgbọ́. Àwa fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìwé kékeré yìí, nítorí li ojú tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí Fẹlá kọ́ li èwe nínú ilé àlùfáà li ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ dúró títí ó fi kú. Ibi tí iṣẹ́ náà sì ti fúyẹ́ jù ni ibi tí ó ti ń lo ohun tí ó lọ wá rí nígbà tí ó ti dàgbà tán.

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí li ó kan ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ olórin tí ó fi ìjọ ṣe ẹlẹ́yà ní gbangba? Ó kàn wá púpọ̀. Bàbá àgbà Fẹlá, Àlùfáà Jósáyà Jésè Ransome-Kuti, ṣe iṣẹ́ Olúwa ní agbègbè Súnrẹn àti Ifọ̀, li ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, kí ó tó di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Aké. Isaac Olúwọlé Délànọ̀, ẹni tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sí ìwé li ọdún 1942, ọmọ Òkènlá létí Ifọ̀ ni. Ìdí kejì súnmọ́ wa ju èyí lọ. Li ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, láti Ìbafò dé Mowé, ó ṣọ̀wọ́n kí òru ìsinmi kan kọjá kí a má gbọ́ ìlù àti fèrè láti inú ìṣọ́ òru. Li ọ̀pọ̀ ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fun fèrè li ọ̀nà tí àwọn àgbà ń pè li orin Fẹlá, inú àwọn àgbà kò sì dùn sí i. Àwọn kan ń wí pé kí a lé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde kúrò li ilé Ọlọ́run. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó yá ẹnìkejì li ohun-èlò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ li ọ̀dọ̀ bàbá àgbà. A bí Jósáyà ní Ìgbẹ̀ìn li Abẹ́òkúta li ọdún 1855. Ìyá rẹ̀ wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìhìnrere ní Ìgbẹ̀ìn. Baba rẹ̀, Lìkóyè Kútì, kò gbà á, ó sì lòdì sí i. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ tí ó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ li Abẹ́òkúta ìgbà náà. Ìyá ń mú un lọ sí ibi tí a ti ń kọ orin tí òyìnbó mú wá, ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ohùn tí ó ń lọ bọ̀ bí àtẹ̀gùn. Bí ó bá sì ti jáde sí ìta, kò lè ṣàì gbọ́ rárà ìyàwó, ìjálá ọdẹ, orin ogun, àti ìlù tí ń ki olúkúlùkù ní oríkì ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá láti irú ilé bẹ́ẹ̀ li ó yan ọ̀kan tí ó sì di etí sí èkejì. Jósáyà kò di etí kankan.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ li ọwọ́ àwọn C.M.S., ó ṣe olùkọ́, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. li Èkó li orin fún ọdún púpọ̀. A fi í jẹ díákónì li ọdún 1895, a sì fi í jẹ àlùfáà li ọdún 1897. Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti dúró ni pé ó gbọ́ ohun tí kò tọ́ nínú orin ìsìn wa. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí àwa ń wí. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Bí ohùn bá ti yí, ọ̀rọ̀ ti yí. Àwọn tí ó túmọ̀ orin ìsìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ ohùn tí a ti ṣe fún ọ̀rọ̀ mìíràn, ohùn sì ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Ìjọ dìde dúró, ó fẹ́ kọrin nípa ìlú mímọ́, ohùn-orin fà á sísàlẹ̀, ìlú sì di ìlù. Àwọn tí ó ti mọ ìwé orin li àmọ́dájú kò kíyèsí i mọ́, bí ẹni tí ó ń gbé létí odò kì í ti gbọ́ ìró omi. Ṣùgbọ́n arúgbó tí ó ti oko dé tí kò mọ̀wé yóò dúró li ẹ̀yìn ìjọ láìmọ ohun tí a ń sọ li èdè rẹ̀ gan-an.

Ohun tí Jósáyà ṣe kò ṣòro láti ròyìn, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá máa fa ohùn-orin lọ́wọ́. Ó mú ohùn tí àwọn ará oko ti ní li etí, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìhìnrere sí i, ẹni tí kò mọ lẹ́tà kan sì lè kó orin náà sí orí li ọjọ́ kan. Ènìyàn tí ń lọ láti abà dé abà láàárín àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá li ẹ̀bá Súnrẹn kò lè fi ìwé orin ṣe iṣẹ́; ìwé kò sí, òǹkàwé kò sì pọ̀. Ilẹ̀ wa yìí wà nínú ohun tí ó kọ́ ọ li ọgbọ́n náà. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, nígbà tí ó ti di arúgbó, ó kọ orin 43 sínú àwo giramafóònù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Àlùfáà Aké li ó wà nínú àwọn ará ìlú wa tí ohùn wọn kọ́kọ́ wọ inú àwo. Kí àwọn tí ó rò pé ayé li ó kọ́ ìjọ li ohun gbogbo rántí èyí.

Ó kú li ọdún 1930. A kò ì tíì bí Fẹlá nígbà náà. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938 li a bí i. Nítorí náà kì í ṣe pé ọmọ jókòó li ẹsẹ̀ bàbá àgbà. Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orin wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń ti ara ènìyàn kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn bí ilà ojú. Àwa kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni ilé: bí a ti ń jí nínú rẹ̀, ohun tí a ń kọ li òwúrọ̀, ohun tí a ń sọ nídìí oúnjẹ, àti ohun tí a ń torí rẹ̀ nà ọmọ.

Baba tí ó ni ilé náà ni Àlùfáà Ísírẹ́lì Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ẹni tí a bí li ọdún 1891. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà li ó ṣe ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School láti ọdún 1932 títí di ọdún 1954. Òun ni ààrẹ kìíní ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí sì wà lábẹ́ igi tí ó gbìn. Ó mọ dùùrù tẹ̀. Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ li a tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, níbi tí agogo ti ń pín ọjọ́ sí wẹ́wẹ́, tí orin ìsìn àti àdúrà sì ń ṣí i tí wọ́n sì ń tì í. Fẹlá sì tẹ dùùrù láti kékeré. Ìṣọ̀kan ohùn mẹ́rin nínú orin ìsìn, èyí tí ọmọ mìíràn ń gbọ́ li ọjọ́ Ìsinmi nìkan, ni oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé Trinity College of Music ní London li ọdún 1958, nígbà tí àwọn ará ilé rò pé ìwé ìṣègùn li ó lọ kà, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì li ó gúnlẹ̀ sí nípa ti orin.

Pàṣán wà pẹ̀lú. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ nítorí pé ọ̀kan nínú wa ni baba náà. Fẹlá sọ fún Carlos Moore, ẹni tí ó tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde li ọdún 1982, bí baba àti ìyá ti nà án tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé ka èyí, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀: a nà án, nítorí náà ó kórìíra aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ṣe àkóso ilé tirẹ̀ li Èkó, èyí tí ó pè li orílẹ̀-èdè Kalakuta. Ó ní òfin níbẹ̀, ó ní ìdájọ́, ó ní ibi tí a ń ti arúfin mọ́. Nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ kò gba ìwà àìbìkítà. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé yóò san owó ìtanràn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ li a ń rí níbẹ̀ láìsí aṣọ àlùfáà. Ó bá gbogbo aláṣẹ ayé jà, ó sì ń ṣe àkóso àwọn tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jẹ agogo àti pàṣán mọ́ oúnjẹ. Orin tí ènìyàn púpọ̀ ń kọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìṣìnà kò lè wá láti inú ìwà jàgídíjàgan tí àwọn ọ̀dọ́ rò pé òun li ó ń kọ́ni. Ohun rere wà nínú ẹ̀kọ́ náà, ohun burúkú sì wà. Ìjọ kò lè gba ọ̀kan kí ó sì sọ èkejì nù.

Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí a bí li ọdún 1900. Ìtàn rẹ̀ ti di mímọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní láti tún un sọ pátápátá. Li ọdún 1947 ó ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lọ sí iwájú ààfin Aláké nítorí owó-orí. Àwọn obìnrin náà jókòó níbẹ̀, wọ́n sì sùn níbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1949 Aláké Adémọ́lá kúrò li orí oyè fún ìgbà kan. Ohun tí olùkọ́ orin gbọ́dọ̀ kíyèsí nínú ọ̀ràn náà ni ohun-ìjà wọn. Wọn kò ní ìbọn. Orin ni wọ́n fi jà, orin èébú, orin ẹ̀sín, orin tí a ń pè tí a sì ń gbè, tí a dárúkọ oníbàjẹ́ nínú rẹ̀ ní tààrà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fẹlá nígbà náà, ilé rẹ̀ sì ni ilé tí wọ́n ti ń gbìmọ̀. Kí ó tó gbọ́ ohunkóhun nípa ìjà àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà li ó ti mọ̀ pé orin lè mú kí ọba kó ẹrù rẹ̀.

Níbí li a ti fẹ́ dá àwọn tí ń sọ pé Amẹ́ríkà li ó dá Fẹlá lóhùn. Òótọ́ ni pé ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, li ọdún 1969. Òótọ́ ni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sandra Izsadore fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà li Los Angeles, àti pé lẹ́yìn èyí ọ̀rọ̀ inú orin rẹ̀ yípadà. Kí ó tó lọ, orin ìfẹ́ àti orin ijó li ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ sọ́tọ̀ kúrò li ara ọ̀nà tí ó gbà ń sọ ọ́. Amẹ́ríkà fún un ní ìdí láti bínú. Kò fún un li ohùn tí ó fi bínú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní sùúrù láti jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn orin gígùn rẹ̀ yóò rí ìlànà ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi níbẹ̀. Ohun-èlò li ó kọ́kọ́ ń dún fún ìgbà pípẹ́ bí ìgbà tí ìjọ ń wọlé; fèrè yóò dáhùn sí fèrè; oníwàásù kì í tètè dé. Nígbà tí ó bá dé, yóò sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò tú u palẹ̀, yóò bi ìjọ ní ìbéèrè, ìjọ yóò sì dáhùn. Nínú «Shuffering and Shmiling» tí ó gbé jáde li ọdún 1978, níbi tí ó ti bú ìjọ àti mọ́ṣáláṣí papọ̀, Àmín li agbègbè fi ń dá a lóhùn. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe ẹlẹ́yà ìsìn li ọ̀nà tí ó gún régé bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ìsìn náà ní àmọ́dájú. Inú wa kò dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó kọ ọ́, àwa li a kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọ nìkan li ó wà nínú ìgbà èwe ọmọ Abẹ́òkúta. Àlọ́ wà, òwe sì wà. Ọ̀kan nínú àwọn orin tí àwa fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tí a pè ní «Àlùjọ̀njọ̀nkíjọ̀n», tí ó jáde nínú àwo kan li ọdún 1973. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó lábẹ́ òṣùpá li ó mọ àlọ́ náà. Ìyàn mú, àwọn ẹranko sì pinnu pé kí olúkúlùkù mú ìyá rẹ̀ wá fún pípa kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Ajá nìkan li ó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run; nígbà tí ebi bá pa á, a kọrin, ìyá rẹ̀ a sì ju okùn sísàlẹ̀ fún un. Olùkọ́ orin yóò rí i níhìn-ín pé ohùn Fẹlá ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ láìkọsẹ̀. Ẹ̀kọ́ Jósáyà gan-an ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fèrè tí ó tẹ̀lé e kò sí li Aké. Ohun mìíràn tún wà. Li ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977 àwọn ọmọ-ogun wọ ilé Fẹlá, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Obìnrin náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni ọmọ rẹ̀ ti kọ orin ajá tí ó wá ibi tí yóò fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sí. Kì í ṣe pé ó ríran. Àlọ́ ti mọ ohun tí ebi àti agbára ń fi ìyá ènìyàn ṣe tipẹ́tipẹ́, ọmọ tí a sì pa á fún li èwe yóò ní i li ọwọ́ li ọjọ́ tí ó bá nílò rẹ̀. Àwọn orin tí ó kọ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, pàápàá «Coffin for Head of State» ti ọdún 1981, tẹ ọ̀nà kan náà. Ìyá li ó wà láàárín gbogbo rẹ̀.

Bákan náà li ó rí pẹ̀lú «Water No Get Enemy» ti ọdún 1975. Èdè pijin li a fi pe àkọlé rẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ará Gana àti ará Kamẹrúùnù gbọ́; ṣùgbọ́n òwe wa, pé omi kò ní ọ̀tá, li ó wà nídìí rẹ̀, a sì lè gbọ́ òwe náà nínú ìrọ̀rùn ohùn rẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì, èyí tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kì í fẹ́ kí a fi ọwọ́ kàn. Nígbà tí Fẹlá dàgbà, ó wá fẹ́ ohun tí ilé àlùfáà kò fún un. Ó mú orúkọ Ransome kúrò, ó ní orúkọ ẹrú ni, ó sì fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. (Àwọn tí ó ń yìn ín fún orúkọ tuntun náà kì í sábà rántí pé ó mú Kútì mọ́ ọn, orúkọ Lìkóyè tí kò gba ìhìnrere, àti pé ọ̀rọ̀ ikú li ó wà nínú méjèèjì. Bí ó ti ń sá fún ilé náà, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ li ó sá lọ.) Ó sọ ilé-orin rẹ̀ di Afrika Shrine, ó ń pe ara rẹ̀ li olórí àwòrò, ó sì ń bọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta li ó kọ́ ọ ní Ifá li èwe? Ta li ó mú un lọ sí ìdí òrìṣà kan tí ó fi mọ oríkì rẹ̀, orin rẹ̀, ìlù rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀? Kò sí. Ilé tí a ti bí i pe ohun wọ̀nyí li ìbọ̀rìṣà, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Nítorí náà nígbà tí ó fẹ́ wọn, inú ìwé li ó ti ń wá wọn, àti li ọwọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Egypt 80, bí ẹni pé ọ̀nà Íjíbítì súnmọ́ wa ju ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ lọ. Láti ọdún 1981 ó gba onídán kan láti Gana gbọ́, ẹni tí a ń pè ní Professor Hindu, tí ó sọ pé òun lè pa ènìyàn kí òun sì jí i dìde. Babaláwo tí ó ti ọdún méje bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ifá ì bá ti rẹ́rìn-ín onídán náà jáde kúrò ní ìlú.

Ẹni tí kò gba Jésù gbọ́ náà lè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí nínú orin. Níbi tí Fẹlá ti ń wàásù, tí ó ń pa àlọ́, tí ó ń pòwe, tí ó ń fi aláṣẹ ṣẹ̀sín gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ń tú jáde, kò sì sí èyí tí ó ṣòfò. Níbi tí ó ti ń ṣàlàyé ohun ìjìnlẹ̀ Áfríkà, ó ń sọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka ìwé li àná. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí a bí sí ìlú àti ẹni tí ó wá gbé ìlú ni. Àṣìṣe ilé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: bí a bá ti kọ́ ọmọ ní ohun tí àwọn baba rẹ̀ gbàgbọ́, kí ó mọ̀ ọ́n bí a ti ń mọ ìtàn, bóyá onídán ì bá má rí àyè. Jósáyà, ọmọ Lìkóyè, kò ṣe aláìní ìmọ̀ náà, nítorí ó gbé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ li ó ṣe aláìní rẹ̀. Ìran àlùfáà kejì àti ìkẹta li ó sábà ń gbàgbé ohun tí ìran kìíní mọ̀, òtítọ́ yìí sì kan ilé púpọ̀ li agbègbè wa.

Àtakò kan wà sí ohun tí àwa ń sọ, ó sì lágbára. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà èwe li ó ń ṣe olórin, báwo li ọmọ Fúnmiláyọ̀ ti ṣe kọ «Lady» li ọdún 1972, tí ó fi obìnrin tí ó fẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ọkùnrin ṣe ẹlẹ́yà? Báwo li ó ti ṣe gbé obìnrin 27 níyàwó li ọjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún 1978, nígbà tí ìyá tí ó jà fún àwọn obìnrin wà lórí àìsàn tí yóò pa á? Àwa kò ní ìdáhùn tí yóò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ó hàn pé ọmọ gba ohùn ìyá, kò sì gba gbogbo ohun tí ìyá fi ohùn náà jà fún. A gbé idà fún ọmọ. A kò lè bá a yan ẹni tí yóò fi bá jà. Àwọn tí a tọ́ nínú ilé kan náà li ẹlẹ́rìí wa. Olíkóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, di dókítà ọmọdé àti mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Bẹ́kọ̀, àbúrò rẹ̀, di dókítà pẹ̀lú, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀tọ́ ènìyàn li ọjọ́ àwọn ọmọ-ogun. Agogo kan náà li ó jí àwọn mẹ́ta, ọ̀nà wọn kò papọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ bí a ti ń dákẹ́ níwájú aláṣẹ. Nígbà tí Fẹlá kú li ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, Olíkóyè jáde sí gbangba, ó sì sọ fún gbogbo ìlú pé àrùn éèdì li ó pa àbúrò òun. Li àkókò náà ìdílé púpọ̀ ì bá pa á mọ́. Bí a bá ní kí a fi ìṣe kan hàn tí ó mú ìwà ilé àlùfáà náà wá sí ojútáyé, èyí li àwa yóò fi hàn, bí kò tilẹ̀ ní orin nínú.

Nípa ti àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa li ojú ọ̀nà Ìbafò, àwa kò rí ìdí tí a ó fi lé fèrè wọn jáde. Ọ̀nà tí Fẹlá fi ń mú kí ọ̀rọ̀ máa fa ohùn, tí ó fi ń pè tí agbègbè sì ń dáhùn, ti wà nínú ìjọ Aké àti nínú àwọn abà Súnrẹn kí a tó bí i. Ohun tí àwa yóò bi àwọn ọ̀dọ́ náà léèrè ni èyí: ṣé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ? Ọ̀pọ̀ orin tuntun tí a ń kọ nínú ìṣọ́ òru li a ti fi ohùn ṣe ìpalára fún bí àwọn atúmọ̀ ìgbà láéláé ti ṣe, ariwo ìlù sì bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Kí àwọn ọ̀gá akọrin kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ orin sókè láìfi ohùn sí i, kí wọ́n tẹ́tí sí ibi tí ó ń gòkè àti ibi tí ó ń sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà kí fèrè wọlé.

Àwọn orin Jósáyà ń sọnù. Àwọn àwo Zonophone tí ó kù kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi etí gbọ́ ọ sì ti sùn. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ àgbà ti kọ́ ní ọ̀kan nínú wọn, ní Ifọ̀, li Òkènlá, ní Súnrẹn tàbí nínú àwọn oko tí ó wà láàárín ibẹ̀ àti Mowé, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò mọ àmì sol-fa lè kọ ọ́ fún olùkọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n gbọ́. A ó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí i.